Ohun Abúgbàmù Lẹ́nu Iṣẹ́: Ibi Ìkópamọ́ Léwu Ju Àpáta Lọ

Bí a bá ní ká ka àwọn ibi tí ohun abúgbàmù iṣẹ́, tàbí èròjà tí wọ́n fi ń ṣe é, ti ṣe ọṣẹ́ jù láyé yìí, ó máa pẹ́ ká tó kan kúárì. Èbúté Texas City ní Amẹ́ríkà la ó kọ́kọ́ dárúkọ, ká tó wá kan ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ní Oppau ní Jámánì, èbúté Beirut ní Lẹ́bánónì, àti abúlé Appiatse ní Gánà. Tí a bá wá darí sílé, ojú títì tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ ń bẹ níbẹ̀, àdúgbò Bódìjà ní Ìbàdàn náà ń bẹ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹrù náà wà nípamọ́ ni, tàbí kó wà lójú ọ̀nà.

Síbẹ̀, ìró tó ń dún gbòò lọ́sàn-án láti orí òkè ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Òun làwọn ará àdúgbò ń torí rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn, òun làwọn oníròyìn ń sáré lọ yà ní fọ́tò. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, ni pé ìgbà tí wọ́n ń yìn ín gan-an ni ìṣọ́ pọ̀ jù lórí rẹ̀. Òru tó fi ń dúró de ọjọ́ iṣẹ́ ni ìṣọ́ ń dín kù, ibẹ̀ sì ni ikú ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ná. Bí kúárì bá fẹ́ fọ́ àpáta, ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ lu ihò sí i lórí ní ìlà-ìlà, lẹ́yìn ògiri àpáta tí iṣẹ́ ìṣáájú gé sílẹ̀. Ihò bẹ́ẹ̀ lè jìn tó mítà 10 sí 15, ṣùgbọ́n ìbú ẹnu rẹ̀ ní kúárì òkúta wẹ́wẹ́ kì í sábà ju mílímítà 76 sí 115 lọ. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà ni àyè tó wà láàárín ihò kan sí èkejì, àti èyí tó wà láàárín ihò àti ojú ògiri. Bí àyè náà bá kéré jù, òkúta á fò kọjá ibi tí wọ́n fi í sí. Bó bá tóbi jù, àpáta á kàn sán, á dúró síbẹ̀, gbogbo agbára tí kò rí ibi jáde á sì wọ ilẹ̀ lọ, á máa mi ilé àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Ohun tó ń bú nínú ihò kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Kékeré ló ń ta ńlá jí. Dẹtonétọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní káàpù, ló kéré jù, òun ló sì gbóná lára jù. Ìka ọwọ́ ènìyàn gùn jù ú lọ nígbà mìíràn. Èyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n ń dà sínú ihò, kò lè ṣe ohunkóhun láìsí káàpù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òfin ayé fi ní kí wọ́n má ṣe kó méjèèjì sínú ilé kan náà tàbí kí wọ́n jọ tò wọ́n sínú ọkọ̀ láìsí ààlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ òfin yìí lórí. Ẹni tó ní yàrá kan ṣoṣo ni kò lè pa á mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó o sínú ihò tán, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń dí ẹnu rẹ̀, wọn kì í fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, torí òkúta wẹ́wẹ́ máa ń há mọ́ra nígbà tí gáàsì bá ń tì í bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ìdí yìí bá tú, gáàsì á gbabẹ̀ jáde, ariwo á pọ̀, àpáta kò sì ní fọ́ tó bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ méjì ni ìbúgbàmù ń ṣe fún àpáta: ó kọ́kọ́ gbá a lójijì débi tó fi sán káàkiri, lẹ́yìn náà ni gáàsì wọ ojú ibi tó sán, tó sì tì í síta. Àwọn tó ń yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó yára ti rí i pé ògiri àpáta máa ń wú díẹ̀ síwájú kó tó wó.

Ìró kan ṣoṣo ni ará ìta ń gbọ́, àmọ́ ihò tó bú lè ju 40 lọ, kò sì sí méjì tó gbọ́dọ̀ bú pọ̀ níbi tí ètò bá ti dára. Ìyàtọ̀ àárín wọn lè jẹ́ ìdá 17, 25 tàbí 42 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà iwájú ló ń bú àkọ́kọ́ kí ìlà ẹ̀yìn lè rí ibi tì sí. Ètò àsìkò yìí ló mú kí ilé tó wà nítòsí má ṣe gba gbogbo ìmìtìtì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti ṣe láti tu iṣẹ́ yìí lójú, mi ò rí èyí tó ṣe aládùúgbò lóore tó o.

Lẹ́yìn ìró náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ títí fèrè ìkẹ́yìn yóò fi dún. Ọ̀gá tó mọ̀ nípa rẹ̀ nìkan ló ń kọ́kọ́ lọ, ó ń wá ihò tí kò bú. Èéfín ni ó máa ń wò. Bí èéfín bá funfun, tó sì tètè tú ká, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìpẹ̀ irin tó dógùn-ún, ó túmọ̀ sí pé nǹkan náà kò jó tán dáadáa, bóyá omi ti bá a nínú ihò, gáàsì náà sì lóró fún ẹ̀dọ̀fóró. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ á yí padà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Kí èèyàn tó ní gbogbo èyí, iná ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Wọ́n á dáná sórí òkúta títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù lé e, yóò sì là. Àwọn tó ń fi ọwọ́ fọ́ òkúta ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú táyà àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ ń dúdú sójú ọ̀run. Ẹ̀tù, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ tipẹ́, pẹ́ kó tó wọ ihò kùsà ní Yúróòpù. Ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1627 ni ìwé fi hàn pé Kaspar Weindl fi ẹ̀tù fọ́ àpáta nínú ihò kùsà ní Banská Štiavnica, tó wà ní Slovakia lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, fún 200 ọdún, ohun tó ń pa àwọn awakùsà ni okùn iná tí kò ṣeé fọkàn tán: ó lè jó kíá, ó sì lè kú fún ìgbà díẹ̀ kó tún wá jí nígbà tí ẹnìkan bá ti lọ wò ó. William Bickford, tó ń gbé ní Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe okùn tó ń jó ní ìwọ̀n kan náà lọ́dún 1831. Oníṣòwò awọ ni, kì í ṣe awakùsà.

Ọdún 1847 ni Ascanio Sobrero ṣe nitroglycerin ní Turin ní Ítálì. Ó lágbára ju ẹ̀tù lọ fíìfíì, àmọ́ bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ lásán, ó lè bú. Sobrero fúnra rẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn tó kù kò bẹ̀rù tó. Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1864, ilé iṣẹ́ ìdílé Nobel ní Stockholm bú, Emil àbúrò Alfred Nobel sì wà lára àwọn tó kú. Lóṣù kẹrin 1866, àpótí nitroglycerin kan tó ń jò bú nínú ọgbà ọ́fíìsì akẹ́rù ní San Francisco, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí i wò láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé láti ìgbà yẹn náà ni wàhálà ti wà lójú ọ̀nà àti ní ilé ẹrù.

Ohun tí Nobel wá ṣe lọ́dún 1867 rọrùn láti sọ. Ó da nitroglycerin mọ́ irú iyẹ̀pẹ̀ kan tó ń fa omi mu, ó sì pè é ní dínámáìtì. Kò bú mọ́ nítorí pé ó já bọ́ lásán. Káàpù tí òun náà ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló ń jí i. Owó tó ti inú iṣẹ́ yìí wá ló fi dá ẹ̀bùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní 1901. Ìtàn ẹ̀bùn ni gbogbo ayé ń sọ. Ìtàn káàpù ló yí iṣẹ́ àpáta padà.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé Panama ńkọ́. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ odò Panama, dínámáìtì tí wọ́n lò tó kílò mílíọ̀nù 27, àwọn ihò tí wọ́n ti kún sì pa òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1908, tọ́ọ̀nù 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bú ṣáájú àkókò ní Bas Obispo, ó sì pa èèyàn 23. Àwọn ọmọ Barbados àti erékùṣù mìíràn ní Karibíà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ odò náà. N kò sọ pé orí àpáta kò pa èèyàn rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kọ́gbọ́n nínú rẹ̀, ọdún dé ọdún, tí ikú ibẹ̀ sì ń dín kù. Àwọn tó ń kó o pamọ́ ni kò kọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì mú un burú ni pé ó di olówó pọ́ọ́kú. Lọ́dún 1955, Robert Akre àti Hugh Lee, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ èédú ní Indiana ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ammonium nitrate, ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò, tí wọ́n bá pò ó pọ̀ mọ́ èédú lúbúlúbú, lè ṣe iṣẹ́ dínámáìtì ní ìdá kékeré nínú iye owó rẹ̀. Kò pẹ́ tí epo fi rọ́pò èédú náà. ANFO ni wọ́n ń pe èyí tó gba epo, òun ló sì pọ̀ jù nínú ohun abúgbàmù tí wọ́n ń lò láwọn kúárì àti ihò kùsà ńlá káàkiri ayé. Ó funfun, ó rí roboto wẹ́wẹ́, àwọn kan a máa pa á láró pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí ojú lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì gba epo. Àìsàn rẹ̀ ni omi: inú ihò tó bá ń sun omi kò gbà á. Nítorí ìyẹn ni Melvin Cook ṣe ṣe irú èyí tó kì, tí omi kò lè bà jẹ́, ní ìparí ọdún 1950 sí 1960, tí irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní emulsion sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó lé. Ní Sweden, wọ́n ṣe ọ̀nà ìtanná tí kò lo iná mànàmáná: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìgbì ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sì rọrùn fún mànàmáná ojú ọ̀run láti ta á jí mọ́, bí ó ti ń ṣe fún káàpù oníwáyà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káàpù tó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú dé, tí èèyàn lè yan àsìkò rẹ̀ ihò kan sí èkejì.

Bí a bá tò gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbà: nǹkan náà ń le láti jí sí i. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń rọ ọ́ sínú ihò. Fún ẹni tó ń rà á láìní ìwé, ó ti di àpò ajílẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti kúrò lára. Ẹni tó bá fi nitroglycerin sábẹ́ ibùsùn nígbà ayé Sobrero kò ní sùn. Ẹni tó ń fi èyí sí yàrá lónìí ń sùn dáadáa.

Ní ti àwọn tó ń gbé nítòsí kúárì, ẹjọ́ wọn tọ́ sí ìgbọ́ ju bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń gbọ́ ọ lọ, àmọ́ ó ní ẹ̀yà méjì tí a kò gbọ́dọ̀ pò pọ̀. Ara èèyàn máa ń mọ ìmìtìtì ilẹ̀ kódà nígbà tí ilẹ̀ kò bá yára ju mílímítà kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ilé kì í sán nítorí irú ìyẹn. Nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí kùsà gbé jáde ní 1980, àwọn onímọ̀ fi ààlà sí mílímítà 12.7 ní ìṣẹ́jú àáyá fún ilé àtijọ́ tí wọ́n rẹ́ ògiri rẹ̀, àti 19 fún ilé ìgbàlódé, nígbà tí ìmìtìtì náà bá lọ́ra. Bó bá yára, ó lè gòkè dé 50. Ìwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ kúárì máa ń fa yọ láti fi ká àwọn ará ìlú lọ́wọ́ kò. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ilé onípákó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ilé amọ̀ tó ti lo 80 ọdún, tàbí ilé búlọ́ọ̀kù tí bírikìlà fi sìmẹ́ǹtì ṣahun sí, kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òdodo á wọn ilé tó wà níbẹ̀ gan-an kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀, á sì fún onílé ní ẹ̀dà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ a tán nílẹ̀.

Ìró afẹ́fẹ́ tún yàtọ̀ sí ìmìtìtì ilẹ̀. Fèrèsé tó ń gbọ̀n gìrìgìrì, afẹ́fẹ́ ló máa ń gbọ̀n ọ́n nígbà púpọ̀, èèyàn á sì rò pé ilẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí kùrukùru bá wà nílẹ̀, ìró náà á rìn jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ òkúta tó ń fò kò ní àlàyé kankan. Ó jẹ́ àmì pé ẹnìkan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, yálà nínú ìwọ̀n ihò tàbí nínú ìdí ẹnu rẹ̀, tàbí kó kún un jù. Ẹni tí òkúta bá bá nílé kò ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ mílímítà.

Fífi ohun abúgbàmù wó ilé gíga jẹ́ ẹ̀ka tó kéré gan-an, bó ti wù kí fídíò rẹ̀ pọ̀ tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Noida ní Íńdíà, ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2022, kílò 3,700 ló wó ilé gogoro méjì tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n wó, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré. Kò sẹ́ni tó farapa. Ní Canberra ní Ọsirélíà, ọdún 1997, wọ́n pe gbogbo ìlú jáde wá wo bí wọ́n ṣe ń wó ilé ìwòsàn àtijọ́ kan. Ó tó 100,000 èèyàn tó wá. Irin kan fò kọjá omi ó lé ní 400 mítà, ó sì pa ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan. Ìyàtọ̀ Noida sí Canberra ni pé ẹni tó ṣètò ti Noida mú àwọn èèyàn lọ sẹ́yìn. Ti Canberra pè wọ́n wá síwájú.

Òmíràn tún wà tí kò pa ẹnikẹ́ni, tí ó sì dun ni ju ikú lọ fún àwọn tó kàn. Ní Juukan Gorge ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2020, iléeṣẹ́ Rio Tinto fi ohun abúgbàmù fọ́ ihò àpáta méjì tí àwọn èèyàn Puutu Kunti Kurrama àti Pinikura kà sí mímọ́. Ẹ̀rí wà pé èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti 46,000 ọdún sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Nígbà tí ariwo ta, ohun tí wọ́n sọ ni pé wọ́n ti kún ihò tán, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kó gbogbo rẹ̀ jáde láìfi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ wewu. Òótọ́ ni: ihò tí wọ́n bá ti kún kì í ṣeé tú nírọ̀rùn. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà àti méjì nínú àwọn igbákejì rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ká wá padà sí ọ̀rọ̀ ibi ìkópamọ́. Ní Oppau, ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 1921, ó tó tọ́ọ̀nù 4,500 ajílẹ̀ tó ní ammonium nitrate nínú tó ti gan mọ́ra nínú àká. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ohun abúgbàmù kékeré tú u, wọ́n sì ti ṣe é ní àìmọye ìgbà láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ yẹn, ó dáhùn. Ó lé ní 500 tó kú. Ní Texas City, ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1947, ọkọ̀ ojú omi Grandcamp tó gbé tó tọ́ọ̀nù 2,300 ammonium nitrate gbiná ní èbúté, àwọn èèyàn sì ń wo èéfín aláràbarà rẹ̀ títí ó fi bú. Àwọn tó kú tó 580. Àwọn panápaná ìlú náà wà lára wọn. Ti Beirut, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 2020, ni ọ̀pọ̀ wa rí pẹ̀lú ojú ara wa lórí fóònù. Tọ́ọ̀nù 2,750 ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun abúgbàmù fún kùsà ní Mòsáńbíìkì ni wọ́n ń gbé e lọ fún kí ọkọ̀ Rhosus tó dúró ní Beirut lọ́dún 2013. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kọ ìwé lé ìwé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kó o kúrò. Ó lé ní 200 tó kú.

Ti Gánà súnmọ́ wa jù. Ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2022, ọkọ̀ tó ń gbé ohun abúgbàmù lọ sí ibi ìwakùsà góòlù kọ lu ọ̀kadà nítòsí Bogoso, ó sì gbiná. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn èèyàn Appiatse pé kí wọ́n sá. Àwọn kan sá. Àwọn kan sì wá wò ó. Abúlé náà pa rẹ́ lójú kan náà, ó kéré tán èèyàn 13 ló kú.

Ọdún méjì ṣáájú, ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2020, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Àbò lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ilé wó, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì fọ́, kòtò ńlá sì lu ojú títì já. Gómìnà Rotimi Akeredolu sọ pé ọkọ̀ tó ń kó ohun abúgbàmù lọ sí ibi ìkópamọ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ló ní ìṣòro lójú ọ̀nà, tó rú èéfín, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì ń gbìyànjú láti pa iná náà kó tó bú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adekunle Adepelumi láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni. Àwọn ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù tako èyí. Èmi náà wà lẹ́yìn àlàyé gómìnà, torí kòtò ojú títì tí ọkọ̀ bá bú lórí rẹ̀ kò ní ohun àràmàǹdà nínú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí òkúta ojú ọ̀run ṣe gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó rọrùn láti bá ojú ọ̀run jà ju láti béèrè ẹni tó ni ẹrù, ibi tó ti rà á, àti ìdí tí ó fi ń rìn lóru.

Bódìjà kò fi àyè sílẹ̀ fún ojú ọ̀run. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024 ni. Gómìnà Seyi Makinde dé ibẹ̀ lálẹ́, ó sì sọ pé àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ ló ń gbé ilé kan níbẹ̀, tí wọ́n kó ohun abúgbàmù sínú rẹ̀. Ní òru náà, iye tí ó kà ni èèyàn méjì tó kú àti 77 tó farapa. Iye àwọn tó kú tún pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Bódìjà tí a ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀yìn odi. Àdúgbò àwọn olùkọ́ yunifásítì, adájọ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bí ẹrù kúárì bá lè wọ ibẹ̀ láìsí ẹni tó béèrè, kò sí ibi tí kò lè wọ̀.

Òfin kò ṣọ̀wọ́n. Nàìjíríà ti ní Òfin Ohun Abúgbàmù láti 1964, àwọn ìlànà tó tẹ̀ lé e jáde ní 1967, òfin ìwakùsà ti 2007 náà sì wà. Ẹni tó fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ní ìwé, ẹni tó fẹ́ yìn gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀, àká gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé. Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀ nítorí ogun àwọn apaayàn. Ẹ̀rù ẹni tó di nǹkan yìí mú kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá 1949, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ èédú ní Iva Valley ní Enugu ń já ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níyàn lórí owó iṣẹ́, ohun abúgbàmù tó wà nínú ihò náà ni àwọn ọlọ́pàá ní àwọn wá kó, kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21. Ẹ̀tù àpáta kò bú lọ́jọ́ yẹn. Ìbọn ló bú nítorí rẹ̀. Ó jọ pé láti ìgbà náà ni ìjọba ti ka ohun abúgbàmù sí ọ̀rọ̀ ọlọ̀tẹ̀, tí kì í kà á sí ọ̀rọ̀ ẹrù tó yẹ kí wọ́n kà lójoojúmọ́.

Ibi tí a ti ń kùnà gan-an ni kíkà náà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti 2015, gbogbo ẹni tó bá rà tàbí tà gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ nọ́ńbà tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan, kódà lára káàpù, débi pé bí ọ̀kan bá yọ lójú títì, wọ́n lè mọ ọwọ́ tó ti jáde. Ìwé àká tó dára ní ojú mẹ́ta: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó padà. Ojú kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í kọ. Wọ́n á kó àpò mẹ́wàá jáde fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, mẹ́jọ á tó, méjì á sì kúrò nínú ìwé sínú ọjà.

Àwọn tó ń ra méjì náà kì í ṣe ọ̀daràn gbogbo wọn. Awakùsà kékeré tó ń wá góòlù tàbí òkúta iyebíye ní àpáta díẹ̀ láti fọ́, kò sì sí ilé tó tà á fún un lọ́nà ẹ̀tọ́ ní iye tó lè san. Kúárì ńlá ní ọ̀nà mìíràn báyìí: ọkọ̀ tó ń gbé èròjà emulsion tí kò tíì di ohun abúgbàmù, tí ó ń di ohun abúgbàmù nígbà tí wọ́n bá ń fà á sínú ihò, tí kì í sì í ṣẹ́ kù sí àká lálẹ́. Owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé gbé lọ síbi ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun tó máa yá jù lójú tèmi ni kí àwọn tó ní ìwé àṣẹ máa lọ yí ká ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà kékeré lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi sí, kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé apá kan owó náà bí ó ti ń ṣe fún ajílẹ̀ àgbẹ̀, kí àwọn fúnra wọn yìn ín, kí àwọn awakùsà má ṣe fọwọ́ kan nǹkankan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù á bá ọkọ̀ náà padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n á sì kọ ọ́ sí ojú kẹta.